Ta-ló-pàṣẹ àti Kọ̀ǹpútà Àbúrò Rẹ̀

Ògiri pákó kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun àti ilé ìtajà ọ̀dà Ìyá Ọlọ́dà. Pákó náà fẹ́lẹ́. Bí ẹnì kan bá sín lọ́dọ̀ wọn, èmi ni mo máa ń kí i pé pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀gbọ́n Ìyá Ọlọ́dà yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu aláhesọ. Etí mi ni mo fi gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ojú mi ni mo fi rí òmíràn. Èyí tí n kò rí, Akọ̀wé ló sọ ọ́ fún mi, obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ìṣirò owó, tó máa ń wá jókòó sórí àga mi lọ́sàn-án láti jẹ búrẹ́dì nígbà tí ọjà bá dá. Akọ̀wé kì í purọ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pa.

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Níṣojú rẹ̀, Bàbá là ń pè é. Bó bá ti kẹ̀yìn, Ta-ló-pàṣẹ. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, á ní, "Ta ló pàṣẹ?" Bí wọ́n bá tì í, ìbéèrè kan náà ni. Lọ́jọ́ tí òjò pa á láìmú agbòjò dání, mo rò pé yóò bi òjò náà léèrè.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ má jẹ́ kí kóòtù rẹ̀ tàn yín jẹ: yàrá tí wọ́n ń kó bírò àti bébà sí ni wọ́n fi í ṣọ́. Àwọn tó bá níbẹ̀ di ọ̀gá, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ náà di ọ̀gá, òun wà nídìí bírò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bírò kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wá dúró níwájú tábìlì rẹ̀, kó ṣàlàyé ohun tó fi èyí àná ṣe. Ìdúró yẹn ló fẹ́ràn nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tún dúró níwájú rẹ̀ mọ́. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, kì í sì í gbàṣẹ kó tó gé aṣọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í pè é, àfi bí ìka wọn bá ṣèèṣì kan nọ́ńbà rẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọbìnrin Ìyá Ọlọ́dà bímọ lókè òkun, ìyá sì ní láti lọ bá a tọ́jú ìkókó. Kó tó lọ, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa bá òun yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Kó máa yọjú ló wí. Ta-ló-pàṣẹ gbọ́ ọ pé kó wá jọba.

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tòun ti kóòtù, nínú ooru tó lè se ọ̀dà mọ́ inú agolo. Ó há bírò mẹ́ta, aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sápò àyà. Oníkọ̀ǹpútà tó bá Ìyá Ọlọ́dà to ètò ìṣirò sórí ẹ̀rọ ti ń dúró láti fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní gbogbo ẹni tó ń lo ètò náà ló ní orúkọ tirẹ̀ àti páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, iṣẹ́ oníkálukú ló sì ń sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Olùtajà lè ta ọjà kó sì tẹ rìsíìtì, ṣùgbọ́n kò lè dín owó fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ló ń fọwọ́ sí ẹ̀dínwó. Ìyá Ọlọ́dà ni alákòóso, òun ló lè mú èèyàn wọlé, tó sì lè yọ èèyàn kúrò.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá," ó ní, "mo ti fi yín sí olùwòran. Ẹ ó máa rí ohun gbogbo, ẹ kàn ò ní lè yí nǹkan kan padà ni."

Lẹ́yìn pákó lọ́hùn-ún, mo pa ẹ̀rọ ìgẹrun mi kí n lè gbọ́ dáadáa. Oníbàárà tó wà níwájú mi, tí mo ti gẹ orí rẹ̀ dé ìdajì, kò bínú. Òun náà ń na etí.

"Olùwòran?" Ta-ló-pàṣẹ wí. "Èmi, àkọ́bí bàbá mi? Ìran wo ni mo fẹ́ wò? Ṣé eré ni wọ́n ń ṣe níbí ni?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń pe ipò náà ni, kì í ṣe pé—"

"Ta ló pàṣẹ pé kí o fi mí ṣe olùwòran nínú ọjà àbúrò mi, tí mo pọ̀n dàgbà?"

Kò pọ̀n ọ́n rí. Ọdún méjì péré ló fi jù ú lọ.

Ó pe Ìyá Ọlọ́dà lórí fóònù, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́ bí wọn yóò ṣe dá a láre. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni igbe ìkókó. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan tí oorun ti pa kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún oníkọ̀ǹpútà ní fóònù. Ṣé o ń gbọ́ mi? Fún wọn ní ohun tí wọ́n bá fẹ́, kí n ráyè gbé ọmọ yìí."

Bó ṣe di alákòóso nìyẹn. Ẹkún ọmọ ọwọ́ ló gbé e dépò.

Ohun àkọ́kọ́ tó fi ipò náà ṣe ni pé ó pa páásíwọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn rẹ́. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, òun ni yóò máa fún wọn, bí ìgbà tó ń pín bírò.

"Bàbá," Akọ̀wé ní, "èèyàn méjì kì í mọ páásíwọ́ọ̀dù kan. Ìdí tó fi wà nìyẹn."

"Kí lo fẹ́ fi pamọ́ fún mi?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè tó ń jáde lẹ́nu àgbàlagbà! Akọ̀wé padà sídìí ìṣirò rẹ̀.

Ìwàásù ni ọkùnrin náà fi ń ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Olùtajà wọn jẹ́ ọkùnrin kan tí eyín rẹ̀ kì í wọlé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ó fún ìyẹn ní "RerinNiwonba", kó máa rántí láti rẹ́rìn-ín níwọ̀nba. Ó fún Akọ̀wé ní "AgbaLoLogbon". Láràárọ̀, obìnrin tó ti ń bójú tó ìṣirò ilé yẹn láti ìgbà tí ọjà tó wà níbẹ̀ ò tíì kún pẹpẹ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà lẹ́tà pé àgbà ló lọ́gbọ́n, kí ẹ̀rọ tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ó sọ fún mi pé bí èébú ló ń rí lábẹ́ ìka òun. Mo ní kó fara dà á. Ó ní òun ń fara dà á, pé ohun tí òun kò lè fara dà ni pé ọkùnrin náà máa ń dúró lẹ́yìn òun láti rí i pé òun tẹ̀ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ta-ló-pàṣẹ gba àṣẹ ìfọwọ́sí kúrò lọ́wọ́ Akọ̀wé. Kò sí ẹ̀dínwó, kò sí rìsíìtì, ì báà jẹ́ ti búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, tó lè jáde àfi bí òun bá tẹ̀ ẹ́. Ìka kan ló sì fi ń tẹ̀wé. Ìka yẹn á máa rá bàbà lókè bọ́tìnnì bí àṣá tó ń wá òròmọdìẹ. Àwọn oníbàárà á tò síwájú tábìlì, òógùn á máa ṣàn lójú wọn. Ẹ bá rí ojú rẹ̀ nígbà náà. Ó tún ti rí àwọn tó ń dúró.

Ọ̀gá àwọn akunlé kan wà tó ti ń ra ọjà níbẹ̀ tipẹ́. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti gbé ọ̀dà ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń kùn lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti wà lórí àkàbà, wọ́n ń retí rẹ̀. Ta-ló-pàṣẹ ti lọ sùn sílé. Akọ̀wé pè é títí, kò gbé fóònù.

"Ta là ń dúró dè?" ọ̀gá akunlé béèrè.

"Alákòóso ni, sà."

"Alákòóso wo? Ṣé bàbá oníkóòtù yẹn? Kí ló ń ṣàkóso?"

Ó sọdá òpópónà, ó ra ọjà rẹ̀ lódìkejì, kò sì yà sọ́dọ̀ wọn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Ta-ló-pàṣẹ jí, tí wọ́n ròyìn fún un, ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní oníbàárà tí kò ní sùúrù kì í ṣe oníbàárà. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò tó gèlètè kì í mí fìn-ìn. Tirẹ̀ kọjá mímí. Ńṣe ló ń hanrun.

Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí ti ń fi àṣẹ dí gbogbo ọ̀nà, ẹnu ara rẹ̀ ló ń fi ilẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kò lè tẹ̀wé kó má sọ ọ́ síta. Bó bá jókòó láàárọ̀, á kígbe bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́: "A. Kí. Kí dà? Níbo ni wọ́n gbé kí sí? Òun rè é. O. Bí. I. Ení." Akobi1. Àkọ́bí, ẹyọ kan; orúkọ tó ní kí wọ́n fi òun sí lórí ẹ̀rọ náà ni, ó kàn fi ení kún un. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọkùnrin tí mò ń gẹ irùngbọ̀n fún bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi fi mọ páásíwọ́ọ̀dù ilé ìtajà ọ̀dà ju bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ ìbí ìyàwó wọn lọ.

Akọ̀wé lọ bá a, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún àgbà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù yín. Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ ọ."

"Áà. Etí lo fi ń ṣiṣẹ́ níbí, kì í ṣe ọwọ́?"

"Bàbá, ẹnikẹ́ni lè wọlé pẹ̀lú ẹ̀, orúkọ yín ló sì máa hàn."

"Kò ṣeé jí. Ipò mi ni mo fi ṣe é. Ta ló lè sọ ara rẹ̀ di àkọ́bí bàbá mi?"

Nígbà tí Akọ̀wé sọ èyí fún mi, mo ní kó tún un sọ, torí mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pe Ìyá Ọlọ́dà. Ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n, àti pé ẹni tó bá kó sáàárín ọmọ ìyá méjì, òun ni yóò jẹ̀bi lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ìjà.

Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ lò ó. Lọ́sàn-án kan tí alákòóso ń sùn, tí oníbàárà ń pariwo, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ Akobi1, ó fọwọ́ sí rìsíìtì, oníbàárà gba ọjà rẹ̀ lọ. Akọ̀wé bá a wí. Ó ní kó má dán irú rẹ̀ wò mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Mà, orúkọ Bàbá ló hàn. Ṣé kì í ṣe Bàbá ló ń pàṣẹ ni?" Láti ọjọ́ náà ni ọjà ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá ní ilé yẹn. Akọ̀wé kò fọwọ́ kan páásíwọ́ọ̀dù náà rí, ṣùgbọ́n ó gbójú kúrò.

Lẹ́yìn náà ni Ta-ló-pàṣẹ rìnrìn àjò lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Nígbà tó dé, mo wà ní ilé ìtajà wọn. Mo lọ gba iná sí ẹ̀rọ mi torí iná ṣọ́ọ̀bù mi ti kú. Ó jókòó, ó kígbe páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ṣí ibi tí ètò náà ti ń fi ẹni tó ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan hàn. Orúkọ rẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àkọ́bí fọwọ́ sí i. Àkọ́bí fọwọ́ sí i. Ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà lájò, Àkọ́bí ò sinmi.

Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó rí i. Mo fi orí mi búra pé ó rí i. Ojú rẹ̀ dúró lórí ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ètè rẹ̀ là, ó sì tún padé. Mo ní ó tán, ọkùnrin yìí yóò béèrè ìbéèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó tọ́ láti béèrè rẹ̀. Kò béèrè. Ó na ẹ̀yìn sí àga, ó rọra gbá àyà rẹ̀.

"Ẹ rí i bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́?" ó ní. "Ibi yòówù kí n wà, ọwọ́ mi wà nídìí ọjà."

Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Mo yọ wáyà mi, mo bá tèmi lọ. Mo ti rí olè, mo ti rí ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n wọ ẹ̀wù rẹ̀ jáde, tó wá ń yangàn pé ẹ̀wù náà rìn jìnnà, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Ìyá Ọlọ́dà pè wọ́n lórí fóònù aláwòrán, kó lè rí gbogbo wọn pọ̀. Ìkókó ti ń sùn dáadáa, ó sì ti ráyè wo ọjà rẹ̀. Wọ́n gbé fóònù náà ti agolo ọ̀dà kan. Ó kí wọn, ó béèrè àlàáfíà ilé oníkálukú. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí iṣẹ́ yín o. Orúkọ yín ni mò ń rí níbi gbogbo."

"Àbúrò mi, kò sí ohun tó wọlé tàbí tó jáde nínú kọ̀ǹpútà yìí tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló gbà kọjá. Jẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ó dáa. Mo rí i pé a ta ọ̀dà funfun, ẹrù ọkọ̀ kan gbáko, fún ẹnì kan ní ìdajì iye tá a rà á. Ta ni?"

Láti ẹ̀yìn pákó, mo gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe dún. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, pé òun wà lájò lọ́jọ́ náà, pé ẹlòmíràn ló ń lo orúkọ òun. Òtítọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ìbá pè é lólè. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ìbá mọ̀ pé iṣẹ́ tó ń fi yangàn, kò ṣe é.

"Oníbàárà pàtàkì ni," ó wí.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ọ̀gá ni nílé ìwòsàn kan. Ọgbọ́n ọjà ni mo fi ṣe é, wọ́n máa padà wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," Ẹlẹ́rìn-ín gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Mo rí bàbá náà. Èèyàn ńlá ni."

Akọ̀wé sọ fún mi pé ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, àti pé Ta-ló-pàṣẹ yí sí i, ó mi orí bí ẹni ń dúpẹ́. Olè ń jẹ́rìí fún un, ó ń dúpẹ́! Akọ̀wé ní ilẹ̀ ni òun ń wò, torí bí òun bá gbójú sókè, ìríra tó wà níbẹ̀ yóò hàn lórí fóònù títí dé òkè òkun.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ọlọ́dà pe Akọ̀wé lójú ọ̀sán. Orí àga mi ló wà, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá bi í, Akọ̀wé sì sọ gbogbo rẹ̀: páásíwọ́ọ̀dù tí Bàbá ń kígbe, ìkìlọ̀ tó ṣe, àwọn ọ̀sán tí alákòóso ń sùn.

"Mo ti mọ̀," Ìyá Ọlọ́dà ní. "Nígbà tí a wà ní kékeré, aago ara ògiri bàbá wa ti kú tipẹ́. Mo tú u, mo tò ó, ó ń ṣiṣẹ́. Bàbá wa wọlé, wọ́n béèrè ẹni tó tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ni. Bàbá wa ní, ó dáa, ìwọ lo fọ́ gíláàsì ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n nà án bí ẹni máa kú. Mo dúró pé yóò sọ pé òun kọ́. Kò sọ. Ó sàn fún un kí wọ́n nà án ju kí wọ́n wò ó kọjá lọ."

Akọ̀wé gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, oníkọ̀ǹpútà tún gbogbo rẹ̀ tò láti ibi tó wà. Oníkálukú mú páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tó bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, nọ́ńbà kan á tún wọ fóònù rẹ̀ tí yóò tẹ̀ kí ètò náà tó ṣí. Àṣẹ ìfọwọ́sí padà sọ́wọ́ Akọ̀wé. Ní ti Ẹlẹ́rìn-ín, Akọ̀wé ṣáà rọra bi í léèrè nọ́ńbà fóònù èèyàn ńlá ilé ìwòsàn náà. Ó ní òun ń lọ jẹun, òun yóò mú un bọ̀. Ibi tó ti ń jẹun yẹn jìnnà gan-an ni, torí kò tíì dé.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Ta-ló-pàṣẹ. Ó jókòó láàárọ̀, ó kígbe A, ó kígbe kí, ó dé ení. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tún un kígbe.

"Akọ̀wé, kọ̀ǹpútà yìí ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́, Bàbá. Ìyá ní kí ẹ pe àwọn."

Kò pè é. Ó to bírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ sápò, ó sì dìde. Akọ̀wé ní òun fẹ́ ṣàánú rẹ̀ lákòókò yẹn, òun tilẹ̀ ti ṣí ẹnu, àfi bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní kí òun nu tábìlì náà dáadáa.

Ta-ló-pàṣẹ sọ fún mi lórí àga ìgẹrun pé òun ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí wọn kò mọyì ètò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Owó gígẹ irun ni mo ń gbà, n kò gba ti ìjiyàn.

Ní báyìí, òun ni alága ìgbìmọ̀ géètì ní òpópónà tó ń gbé. Kò sẹ́lòmíràn tó fẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àgádágodo tó wà lẹ́nu géètì yẹn ti ń lọ sí mẹ́rin, àti pé àwọn ará àdúgbò ti to bíríkì sẹ́yìn fẹ́ǹsì tí wọ́n ń gùn kọjá. Ó wá gẹrun lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ó ń sọ fún mi bó ṣe yẹ kí n máa ti ṣọ́ọ̀bù mi, aago tó yẹ kí n máa tì í, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìka méjì ti orí rẹ̀ síwájú kí n lè rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

"Ẹ má mira, Bàbá," mo ní.